Ọmọ Tó Ń Jẹ́wọ́ fún Gbogbo Ilé

"Láti òní lọ, kò sí ọmọdé kankan tí a ó fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní téṣàn ọlọ́pàá èyíkéyìí, àfi tí òbí rẹ̀ tàbí agbẹjọ́rò bá jókòó tì í. Mo fi ipò mi búra."

Ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá ló sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò lọ́dún méjì sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí páálí funfun, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kí omi má baà bà á jẹ́, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri gbogbo téṣàn. Omi kò sì bà á jẹ́ títí di òní.

Aránṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán lọ́wọ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń kọrin, torí kò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà kan òun. Òun náà ní òfin tirẹ̀ nínú ilé, òfin ọ̀hún sì ti ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀gá àgbà tó dé ipò.

Òfin Aránṣọ kò gùn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, tàbí tó sọnù, tàbí tó dín, tí kò sì sẹ́ni tó gbà pé òun ni, ìkòkò oúnjẹ á wà ní bíbò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣíbí títí ẹni tó ṣe é á fi sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló wà lábẹ́ òfin yìí. Àkọ́bí, ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, lè gbààwẹ̀ dọ̀la dípò kó gbà pé òun ṣe nǹkan. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méje, a máa sunkún títí àwọn tó ń bi í á fi gbàgbé ohun tí wọ́n ń bi í. Gbogbo ẹrù náà wá já lé ọmọ àárín léjìká, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí kò lè fara da ìkòkò tí a bò. Bí ilé bá ti dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé itọ́ mì, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó wà ní kíláàsì, á ní, "Èmi ni."

Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Èmi-ni ni wọ́n ń pè é nílé, Èmi-ni ni wọ́n ń pè é lójúde. Ó ti jẹ́wọ́ pé òun ló fọ́ àwo kan tó fọ́ lásìkò tí òun fúnra rẹ̀ lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ pé òun ló mu mílíìkì tí gbogbo ilé ṣì ń rí funfun rẹ̀ létè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjì gbé aṣọ orí okùn lọ, ìyá rẹ̀ kò tíì bèèrè ọ̀rọ̀ náà tán tí ọmọ fi ní òun ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Aránṣọ náà á rẹ́rìn-ín, á ṣí ìkòkò. Ó mọ̀ dájú pé ọmọ náà kọ́. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì ti sọ̀rọ̀, oúnjẹ sì ń tutù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí ńlá ló dá wàhálà sílẹ̀. Àlùmọ́gàjí yìí kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun yàtọ̀ sí aṣọ. Ìwé, okùn, èékánná, gbogbo wọn ló ní àlùmọ́gàjí tiwọn. Àfi bí Aránṣọ ṣe gbé e lé aṣọ, tó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti kú, èérún páálí sì há sí ìdí ìṣó rẹ̀. Ó gbé ìdérí bo ẹyin tó ń gbóná. Àkọ́bí wo òkè àjà. Àbíkẹ́yìn ń múra ẹkún. Bàbá wọn, tí ìkánjú ọjà ń bá jà, tẹjú mọ́ aago bí ẹni pé aago náà ni wọ́n fẹ̀sùn kàn.

"Èmi ni, Mọ́mì," ni ọmọ àárín wí.

Wọ́n jẹun. Ó gbé báàgì rẹ̀, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó gba ilé-ìwé lọ.

Ó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù nígbà tí Oníbúrẹ́dì dé. Òun àti Aránṣọ pín ògiri kan, ẹnu géètì ilé-ìwé ló sì ti ń tajà. Obìnrin yìí kò fi ìtàn ṣeré: ó gbé àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ ná, ó bu omi mu, ó sì rí i dájú pé Aránṣọ ń wo òun. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló sọnù nílé-ìwé láti ọjọ́ Ẹtì. Ó ní sájẹ́ńtì kan wá láàárọ̀, ó sì kó kíláàsì Èmi-ni jọ torí àwọn ni wọ́n gbá yàrá kọ̀ǹpútà kẹ́yìn. Ó ní ọkùnrin náà kò pariwo rárá. Ó kàn fa àga, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó máa jáde, kò sẹ́ni tó máa jẹun, títí ẹni tó kó o á fi sọ̀rọ̀. Aago ìsinmi lù, wọ́n wà níbẹ̀. Aago ìsinmi fẹ́ parí, wọ́n wà níbẹ̀. Òun Oníbúrẹ́dì, tí búrẹ́dì rẹ̀ ń gbẹ lóòrùn, lọ yọjú lójú fèrèsé.

"Mo rí i tí ọmọ yín na ọwọ́ sókè," ló wí.

Ẹsẹ̀ Aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. "Kí ló wí?"

"Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ ohun tó máa wí ni?"

Ó ní bí wọ́n ṣe ń mú Èmi-ni jáde lọ sí téṣàn làwọn tó kù ya síta bí omi, tí wọ́n ra búrẹ́dì títí kan èyí tó ti gbẹ, òun kò sì tíì tà bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ èyí tán ni ojú tì í, ó sì gbé àtẹ òfìfo rẹ̀ lọ láìdágbére. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣì gún ọrùn aṣọ kan mọ́lẹ̀ nígbà tí Aránṣọ jáde nílé.

Ìkóríta ni ṣọ́ọ̀bù Oníkọ́kọ́rọ́, ọkọ rẹ̀, wà. Ọkùnrin náà ń rẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, ó sì kọ́kọ́ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rẹ́ eyín kan tó kù. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkùnrin náà sọ fáìlì tó fi ń rẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní kí àkọ́bí máa wo ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n jà dé téṣàn. Oníkọ́kọ́rọ́ ní àfọwọ́fà ni: obìnrin tó sọ ilé ìdáná di kóòtù, kí ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dà? Aránṣọ ní kóòtù ọ̀hún kò dí i lọ́wọ́ àtijẹun rí láti ọdún méje. Ọkùnrin náà ní òun kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ náà láéláé.

"Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí, láì gbé ohùn sókè, "ìdajì ohun tí ọmọ yẹn ti jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé yẹn, ẹ̀yin lẹ ṣe é."

Oníkọ́kọ́rọ́ mú ìrìn yá, ó ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà téṣàn.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ téṣàn ní. Bíríkì méjì ni wọ́n tò sípò ẹ̀kẹrin, bó sì ṣe rí ni pé bí ẹni tó wà lápá kan bá dìde láìsọ fún èkejì, ìyẹn á balẹ̀. Páálí ọ̀gá àgbà wà lókè rẹ̀ gan-an. Aránṣọ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ bá ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì, ó ní òun ni ìyá ọmọ tó wà nínú lọ́hùn-ún, òun fẹ́ lọ jókòó tì í. Ọlọ́pàá náà jẹ́ ọ̀dọ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìka Aránṣọ lọ sára ògiri, ó ka páálí náà fínnífínní bí ẹni tí kò rí i rí. Ó wá ṣàlàyé pé fífi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò ni wọ́n kọ síbẹ̀, sájẹ́ńtì kò sì fi ọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n jọ ń sọ. Aránṣọ bi í pé kí ni ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì. Ó ní ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀kan wà lára ògiri, èkejì kò sí níbẹ̀.

Ohun tó kù ni ìjókòó. Ọlọ́pàá yẹn fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá yanjú kó tó di aago mẹ́rin, wọ́n lè mú ọmọ wọn lọ sílé. Bí kò bá yanjú, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọdé lọ sí ilé àtúnṣe ìwà máa ń dé láago mẹ́rin, kì í sì í pẹ́.

Aago méjìlá lù. Aránṣọ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Níbi tó ti ń wò ó ló ti rántí ìdájí ọjọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, ó ń gé páálí tí yóò fi wọn apá aṣọ, àlùmọ́gàjí kékeré kò sí nítòsí, ó sì ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Òun ni. Òun gan-an ló fi àlùmọ́gàjí ńlá gé páálí. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tó fi mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan.

Aago kan ààbọ̀ ni sájẹ́ńtì jáde, inú rẹ̀ sì dùn. Ènìyàn burúkú kọ́ ni. Ó sọ fún wọn pé òun náà ní ọmọ, pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tiwọn, pé òun tilẹ̀ fún un lómi. Ó ní ohun tí òun kàn ń sọ fún un látìgbà náà ni pé bó bá ti sọ ọ́ tán, gbogbo wa á lọ sílé. Láti aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló ti ń sọ ọ́ fún un. Ó wá ka ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ sí sí wọn létí, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yege.

Ìwé náà sọ pé Èmi-ni fi òkúta fọ́ àgádágodo yàrá kọ̀ǹpútà. Ó sọ pé ó gba ojú fèrèsé wọlé. Kò sọ ìdí tí ẹni tó ti fọ́ ilẹ̀kùn fi tún lọ gba ojú fèrèsé. Ó sọ pé ó ru kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí lẹ́ẹ̀kan náà lọ sí ibì kan tí kò rántí. Ìlà tó gbẹ̀yìn, ọmọ náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, sájẹ́ńtì sì kà á pọ̀ láìfura: "Ṣé mo lè máa lọ sílé báyìí, sà?"

Oníkọ́kọ́rọ́ rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà bọ́. Ó ní àgádágodo ọ̀hún dà. Sájẹ́ńtì mú un jáde látinú ọ̀rá. Ojú ọkùnrin náà yí padà bí ojú dókítà tí wọ́n gbé aláìsàn wá bá: ó yí àgádágodo náà sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì, ó gbé e sétí, ó mì í. Ó ní kí wọ́n wo ara rẹ̀, ojú ọgbẹ́ kan kò sí níbẹ̀. Òkúta wo ló fọ́ ọ? Ó ní irú èyí, bí ènìyàn fi òkúta lù ú láti àárọ̀ dalẹ́, òkúta náà ló máa fọ́. Ó ní ẹni tó ṣí i kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i, kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu wẹ́kú. Ìyàwó rẹ̀ ja á léèékánná ní itan. Kò gbọ́. Ó ti di ọdún mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, sájẹ́ńtì sì ń gbọ́ ọ, kódà ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ó yé mi, bàbá," ni sájẹ́ńtì wí. "Ta ló ń gé kọ́kọ́rọ́ ládùúgbò yìí?"

"Èmi ni," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, àyà rẹ̀ sì wú.

Sájẹ́ńtì fi bírò kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Àyà tó wú náà ń fọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí táyà tí ìṣó gún.

Ẹnu ọ̀nà yàrá inú ṣí lẹ́yìn wọn. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló ń mú Èmi-ni bọ̀ láti ilé ìtọ̀, ọmọ náà sì ti gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ó wo ojú bàbá rẹ̀. Ó wo bírò. Ìyá rẹ̀ rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ bí ìkòkò bá wà ní bíbò, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀.

"Má sọ̀rọ̀," ni Aránṣọ wí. "Ìwọ ọmọ yìí, òtítọ́ nìkan ni kó o sọ fún wọn."

"Èwo ni wọ́n máa gbà, Mọ́mì?"

Kò fi àfojúdi béèrè. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Sájẹ́ńtì ti di ọmọ náà mú lápá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní kí àwọn jọ padà lọ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Aránṣọ dìde lójijì láti tẹ̀ lé wọn, bẹ́ǹṣì yí, Oníkọ́kọ́rọ́ sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀ láàárín bíríkì méjì. Kí wọ́n tó yanjú ẹsẹ̀ àti bíríkì, ilẹ̀kùn ti tì. Aránṣọ kàn án títí ìka fi ń ro ó. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ yẹn tún fi sùúrù ṣàlàyé fún un: ẹni tó ti jẹ́wọ́, a kì í fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò mọ́, torí kí ni èèyàn tún fẹ́ bi í? Nítorí náà, páálí ara ògiri kò lè bá irú rẹ̀ wí. Ó ní bí ọmọ náà kò bá jẹ́wọ́ ni, ìyá rẹ̀ ìbá lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé.

Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n lò. Ìwé kejì mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sọ pé Èmi-ni jí irin kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ó rẹ́ eyín rẹ̀ fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n kọ gbólóhùn pé bàbá rẹ̀ kò mọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Oníkọ́kọ́rọ́ ní ọmọ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di fáìlì mú. Ó ní kọ́kọ́rọ́ méjì ló ti wà fún àgádágodo yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ọ̀gá ilé-ìwé mú ọ̀kan, ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé-ìwé mú èkejì. Ṣé wọ́n ti bi àwọn yẹn? Sájẹ́ńtì ní ìyẹn kò sí nínú ìwé. Oníkọ́kọ́rọ́ ní kí wọ́n ti òun mọ́lé dípò ọmọ. Sájẹ́ńtì ní ìwé kejì ti dá a láre pátápátá. Ó fi píìnì kan ìwé òkúta mọ́ ìwé kọ́kọ́rọ́, méjèèjì sì sùn lórí ara wọn láìjà.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá téṣàn dé láti wá fọwọ́ sí ìwé àwọn tí ọkọ̀ máa kó. Ọkùnrin sísanra ni, ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ èèyàn. Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, lẹ́yìn tó ti sọ fún Oníkọ́kọ́rọ́ pé òun fẹ́ dìde kí ìyẹn lè mú bẹ́ǹṣì dání. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá: òfin ilé rẹ̀, ìkòkò, mílíìkì, ìjì. Ó sọ ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí, èyí tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ sì yíjú wò ó. Ó ní òun lòun kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n mú un jáde, kí òun bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo lójú ọ̀gá. Ọ̀gá téṣàn fẹ́ràn eré. Ó ní kí wọ́n mú un wá.

Èmi-ni dúró láàárín wọn, bàtà rẹ̀ kan ti tú. Aránṣọ nawọ́ sí bẹ́ǹṣì. Ó gbé ojú kalẹ̀ bó ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ nílé.

"Ta ló kán ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì yìí?"

Ọmọ náà wo bẹ́ǹṣì. Ó wo bàbá rẹ̀ tó di bẹ́ǹṣì mú. Ó wo sájẹ́ńtì, ó wo ọ̀gá, ó wo ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tí kò tíì jẹun ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Èmi ni, Mọ́mì."

Ẹ̀rín bú jáde. Ọ̀gá téṣàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun wá sí téṣàn yìí, ọdún mọ́kànlá, lórí bíríkì ni bẹ́ǹṣì yẹn wà. Ọlọ́pàá ọ̀dọ́ fi orí lé tábìlì. Oníkọ́kọ́rọ́ pàápàá ń rẹ́rìn-ín, ìrètí wà nínú ẹ̀rín tirẹ̀. Èmi-ni náà rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ó rí i pé inú gbogbo wọn dùn. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọ̀gá.

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Sájẹ́ńtì, tó jẹ́ ẹni tó ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́, gbé bírò. "Ṣé kí n fi ti bẹ́ǹṣì kún un, sà?"

Ọ̀gá téṣàn rò ó. Ó ní rárá, èyí tí wọ́n ti kọ náà tó. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo aago, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà níbi mẹ́ta. Ó sọ fún Aránṣọ pé ọmọ rẹ̀ níwà, pé òun gbádùn rẹ̀, pé kó sọ gbogbo ohun tó sọ yìí fún adájọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Aránṣọ bèèrè ìgbà tí adájọ́ máa jókòó. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí ọjọ́ náà kò bá bọ́ sí ìsinmi.

Ọkọ̀ dé ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò pẹ́.

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, lẹ́nu wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn, wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú lápapọ̀. Ó fọwọ́ sí ìwé méjì. Kò sí òbí nínú yàrá náà. Kò sí agbẹjọ́rò.